Tọ́bò lára ọkọ̀: Ṣé òótọ́ ni pé ó lè dín iye epo tí ọkọ̀ ń mu ní Tamale kù?

Awakọ̀ tó bá gbéra ní Tamale, olú ìlú ẹkùn Àríwá orílẹ̀-èdè Ghana, tó ń lọ sí Kumasi, yóò rin nǹkan bí 380 kìlómítà kó tó gúnlẹ̀. Yóò gba orí afárá odò Volta Dúdú kọjá ní Buipe, yóò sì forí lé ọ̀nà Kintampo pẹ̀lú ẹrù iṣu, àgbàdo, ẹ̀pà tàbí òrí lẹ́yìn ọkọ̀. Ìbéèrè méjì ni olówó ọkọ̀ tó ń ná irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ sábà máa ń bi mẹkáníìkì rẹ̀. Àkọ́kọ́ ni bí ọkọ̀ náà ṣe lè lágbára sí i. Èkejì ni bí epo tó ń mu ṣe lè dín kù.

Ìdáhùn kan wà tó dà bí ẹni pé ó yanjú méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Òun ni tọ́bò, ẹ̀rọ tó rí roboto bí ìkarahun ìgbín, tí wọ́n ń dè mọ́ ẹ́ńjìnì. Àmọ́ ẹ̀rọ kan náà yìí ti sọ ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnì di irin àlòkù tí kò wúlò mọ́. Ohun tó yẹ kí olówó ọkọ̀ mọ̀ kó tó náwó lé e nìyí.

Kí ni tọ́bò ń ṣe gan-an?

Epo nìkan kò lè jó nínú ẹ́ńjìnì láìsí afẹ́fẹ́. Kí lítà bẹntiróòlù kan tó lè jó tán pátápátá, ìwọ̀n afẹ́fẹ́ tí ẹ́ńjìnì nílò fi nǹkan bí ìlọ́po 14.7 wúwo ju epo náà lọ. Ẹ́ńjìnì tí kò ní tọ́bò ń fúnra rẹ̀ fa afẹ́fẹ́ sínú nígbà tí písítìnì bá ń lọ sísàlẹ̀, kò sì lè fà ju ìwọ̀n tí àyè inú rẹ̀ gbà lọ. Bí awakọ̀ bá fẹ́ agbára sí i, àfi kó wá ẹ́ńjìnì tó tóbi ju èyí tó ní lọ.

Ọ̀nà mìíràn ni tọ́bò mú wá. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta agbára tó wà nínú epo ló ń bá èéfín gbígbóná jáde, tó sì ń ṣòfò. Tọ́bò ní àgbá kékeré méjì lórí ọ̀pá kan ṣoṣo. Èéfín yìí ló ń yí àgbá àkọ́kọ́. Bí ó ti ń yí, àgbá kejì tó wà lápá kejì ọ̀pá náà á máa fún afẹ́fẹ́ pọ̀, á sì máa tì í wọnú ẹ́ńjìnì. Ọ̀pá náà lè yí ju ìgbà 100,000 lọ láàárín ìṣẹ́jú kan. Afẹ́fẹ́ tó pọ̀ sí i ló ń fún ẹ́ńjìnì láàyè láti jó epo púpọ̀ sí i, agbára á sì pọ̀.

Inú gbólóhùn yìí ni àdììtú ọ̀rọ̀ náà wà: tọ́bò kò dá agbára kankan sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Epo tó pọ̀ sí i ló di agbára tó pọ̀ sí i.

Ibo ni tọ́bò ti ṣẹ̀ wá?

Onímọ̀ ẹ̀rọ ọmọ orílẹ̀-èdè Switzerland kan, Alfred Büchi, ló gba ẹ̀tọ́ àṣẹ lórí èrò náà ní ọdún 1905. Láàárín ọdún 1920 sí 1930 ni wọ́n kọ́kọ́ lò ó nínú ọkọ̀ ojú omi tó ń lo dísù. Ní ọdún 1938, iléeṣẹ́ Saurer ní Switzerland gbé ẹ́ńjìnì ọkọ̀ akẹ́rù tó ní tọ́bò jáde.

Ọdún 1962 ló tó dé inú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí ará ìlú lè rà, nígbà tí wọ́n gbé Oldsmobile Jetfire àti Chevrolet Corvair Monza Spyder jáde ní Amẹ́ríkà. Ẹ̀kọ́ ńlá wà nínú ìtàn Jetfire. Ẹ́ńjìnì rẹ̀ ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ tó ìlọ́po 10.25 kí tọ́bò tó fi tirẹ̀ kún un. Kí ẹ́ńjìnì náà má baà bàjẹ́, wọ́n fi ike kan sínú ọkọ̀ tó ní omi tí wọ́n pò mọ́ ọtí methanol, tó ń tutù sínú afẹ́fẹ́ náà. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ra ọkọ̀ náà ló ń gbàgbé láti bu omi yìí sí i. Kò ju ọdún méjì lọ tí wọ́n fi ṣe ọkọ̀ náà kí wọ́n tó dáwọ́ rẹ̀ dúró.

Ọ̀wọ́n epo tó bá ayé fínra ní ọdún 1973 ló yí ojú tí àwọn èèyàn fi ń wo tọ́bò padà. Ní ọdún 1978, Mercedes-Benz ta 300SD, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tó ń lo dísù tó sì ní tọ́bò, fún àwọn ará Amẹ́ríkà. Láti ìgbà náà ni tọ́bò kò ti jẹ́ ohun eré sísá nìkan mọ́, ó ti di ohun tí àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ fi ń wá ọ̀nà láti ṣọ́ epo lò.

Báwo ni tọ́bò ṣe ń dín epo kù nígbà náà?

Kì í ṣe tọ́bò gan-an ló ń dín in kù. Ẹ́ńjìnì kékeré tí tọ́bò fún wọn láàyè láti lò ni. Ẹ́ńjìnì ńlá wúwo, àwọn irin inú rẹ̀ tó ń fara kan ara wọn pọ̀, ó sì ń jẹ epo kódà nígbà tí ọkọ̀ kò ru nǹkan kan. Ẹ́ńjìnì kékeré ń jẹ díẹ̀ lójú ọ̀nà tó tẹ́jú. Nígbà tí òkè bá dé, tọ́bò á fún un ní agbára ẹ́ńjìnì ńlá fún ìwọ̀nba àkókò náà.

Àpẹẹrẹ kan tí gbogbo ará Tamale mọ̀ ni Toyota Land Cruiser oníjíìpù, irú èyí tí àwọn àjọ aláàánú máa ń lò káàkiri Áfíríkà. Ẹ̀yà tó ní ẹ́ńjìnì dísù lítà 4.2 tí kò ní tọ́bò, tí wọ́n ń pè ní 1HZ, ní agbára kílówáàtì 96, agbára tó fi ń yí táyà sì jẹ́ Newton mítà 285. Ẹ̀yà tuntun tó ní ẹ́ńjìnì lítà 2.8 pẹ̀lú tọ́bò ní kílówáàtì 150 àti Newton mítà 500. Èyí túmọ̀ sí pé ẹ́ńjìnì tó kéré sí ti àkọ́kọ́ ní ìdá kan nínú mẹ́ta ló lágbára jù ú lọ ní ìlọ́po kan àbọ̀.

Ẹ fi ọkàn sí i pé iléeṣẹ́ kò kàn mú ẹ́ńjìnì àtijọ́ kó so tọ́bò mọ́ ọn. Láti ìpìlẹ̀ ni wọ́n ti ya ẹ́ńjìnì tuntun náà: písítìnì rẹ̀, ọ̀nà tí ọ́ìlì ń gbà, ọ̀nà tí omi ń gbà tù ú àti kọ̀ǹpútà tó ń wọn epo fún un ni wọ́n jọ ṣe fún iṣẹ́ tọ́bò.

Ṣé wọ́n lè de tọ́bò mọ́ ọkọ̀ tí kò bá a wá?

Bẹ́ẹ̀ ni, ó ṣeé ṣe, pàápàá lára ọkọ̀ tó ń lo dísù. Ẹ́ńjìnì 1HZ tí a dárúkọ lókè yìí wà lára àwọn tí àwọn èèyàn ti ń de tọ́bò mọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ní Australia àti níbòmíràn, nítorí pé irin rẹ̀ nípọn, ó sì lágbára láti fara da iṣẹ́.

Síbẹ̀, ó ní ààlà tirẹ̀. Ìfúnpọ̀ afẹ́fẹ́ nínú 1HZ lé ní ìlọ́po 22. Nígbà tí Toyota fúnra rẹ̀ ṣe ẹ́ńjìnì lítà 4.2 tó ní tọ́bò, èyí tí wọ́n pè ní 1HD-T, ó dín ìfúnpọ̀ yìí kù sí 18.6, ó sì yí bí epo ṣe ń wọlé padà. Ẹni tó bá wá gbé tọ́bò lé 1HZ láìyí nǹkan kan padà nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ tí tọ́bò ń tì wọlé mọ níwọ̀n. Nǹkan bí ìdajì bar, ìyẹn psi 7 sí 10, ni ọ̀pọ̀ àwọn tó mọ iṣẹ́ náà máa ń dúró sí.

Ooru èéfín ni ohun kejì. Nínú ẹ́ńjìnì dísù, bí epo bá pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ, èéfín dúdú ló ń jáde, inú ẹ́ńjìnì á sì gbóná kọjá ààlà. Bí ooru èéfín kí ó tó dé inú tọ́bò bá ń kọjá nǹkan bí 700 lórí òṣùwọ̀n Celsius fún ìgbà pípẹ́, písítìnì lè yọ́, orí ẹ́ńjìnì sì lè là. Ìdí nìyí tí ẹ̀rọ tó ń wọn ooru èéfín fi yẹ kó wà níwájú awakọ̀ ní ọjọ́ kan náà tí wọ́n bá de tọ́bò, kì í ṣe lẹ́yìn tí owó mìíràn bá wọlé.

Níbi epo náà ni ọ̀pọ̀ ti ń pàdánù èrè rẹ̀. Bí mẹkáníìkì bá de tọ́bò, tó sì fi epo díẹ̀ kún èyí tí pọ́ńpù ń tì jáde, epo á jó dáadáa, èéfín á mọ́, iye tí ọkọ̀ ń mu lábẹ́ ẹrù sì lè dín díẹ̀ tàbí kó dúró síbi tó wà. Bí ó bá ṣí pọ́ńpù náà sílẹ̀ gan-an nítorí pé olówó ọkọ̀ fẹ́ kó máa fò, epo tí ọkọ̀ ń mu á pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

Ọkọ̀ oníbẹntiróòlù ńkọ́?

Níbí ni ewu ti pọ̀ jù. Nínú ẹ́ńjìnì bẹntiróòlù, epo àti afẹ́fẹ́ ti pò mọ́ra kí iná pílọ́ọ̀gì tó tàn. Bí afẹ́fẹ́ náà bá gbóná jù, tí ìfúnpọ̀ sì pọ̀ jù, àdàlù náà á gbaná fúnra rẹ̀ kí àsìkò rẹ̀ tó tó. Ariwo bí ìgbà tí wọ́n ń fi òòlù kékeré kan irin ni awakọ̀ máa ń gbọ́. Bí ó bá pẹ́ bẹ́ẹ̀, á lu písítìnì tàbí kó jó tọ́pù gásíkẹ́ẹ̀tì.

Agbára tí epo ní láti kọ irú ìgbaná òjijì bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń fi nọ́ńbà octane wọn. Bẹntiróòlù tí ọ̀pọ̀ iléepo ń tà ní Ghana gbọ́dọ̀ ní octane 91 ó kéré tán, àwọn iléepo kan sì ń ta ti 95 ní owó tó ga sí i. Takisí kékeré tí iléeṣẹ́ ṣe fún 91 láìsí tọ́bò kò ní ààyè púpọ̀ fún àfikún. Kí ẹ́ńjìnì rẹ̀ má baà jó, wọ́n ní láti dín ìfúnpọ̀ inú rẹ̀ kù, kí wọ́n pààrọ̀ ohun tó ń fọ́n epo, kí wọ́n tún kọ̀ǹpútà rẹ̀ ṣe, kí wọ́n sì máa fún un ní epo tó pọ̀ ju ohun tó nílò lọ kí inú rẹ̀ lè tutù. Epo tó pọ̀ jù yìí, páìpù èéfín ọkọ̀ ló ń gbà jáde, owó rẹ̀ sì ti àpò awakọ̀ wá.

Fún takisí, tọ́bò kì í ṣe ọ̀nà àtidín owó epo kù. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ takisí ní Ghana ti mọ èyí tipẹ́. Ìdí nìyí tí wọ́n fi yí ọkọ̀ wọn padà sí èyí tó ń lo gáàsì ìdáná nígbà tí owó gáàsì kéré sí ti bẹntiróòlù.

Ooru àti eruku Tamale

Ojú ọjọ́ Tamale kò fi bẹ́ẹ̀ bá tọ́bò rẹ́. Ní oṣù Kẹta àti ìkẹrin, ooru ọ̀sán máa ń súnmọ́ 40 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Afẹ́fẹ́ gbígbóná fúyẹ́: ní ìwọ̀n 38, èyí tó ń wọnú ẹ́ńjìnì fi nǹkan bí ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún dín sí ti ìwọ̀n 15.

Tọ́bò fúnra rẹ̀ tún ń mú kó gbóná sí i, nítorí pé afẹ́fẹ́ tí a bá fún pọ̀ máa ń gbóná, bí pọ́ńpù kẹ̀kẹ́ ṣe ń gbóná lọ́wọ́ ẹni tó ń fẹ́ táyà. Bí afẹ́fẹ́ bá wọlé ní ìwọ̀n 38, tí tọ́bò sì fi ìdajì bar kún un, ó lè jáde ní ìwọ̀n tó súnmọ́ 100. Ohun èlò kan tó dà bí rédíétọ̀, tí wọ́n ń pè ní intercooler, ló ń tù ú kó tó wọ ẹ́ńjìnì. Ní ìlú tó gbóná bí èyí, tọ́bò láìsí intercooler jẹ́ iṣẹ́ àbọ̀.

Eruku ni ìṣòro kejì. Láti oṣù Kọkànlá títí di oṣù Kẹta, ọyẹ́ ń gbé eruku aṣálẹ̀ Sahara wá sí àríwá Ghana. Bí fílítà afẹ́fẹ́ bá ya tàbí tí páìpù rẹ̀ bá tú, eruku náà á máa gé etí àgbá tọ́bò bí ìgbà tí wọ́n ń fi yanrìn ha irin. Bí fílítà náà bá sì dí, ẹ́ńjìnì á máa tiraka láti mí, epo tó ń jẹ á pọ̀. Lásìkò ọyẹ́, ó yẹ kí wọ́n máa yẹ fílítà wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Irú epo wo ló wà, báwo sì ni owó rẹ̀ ṣe rí?

Láti ọdún 2015 ni ìjọba Ghana ti fi owó epo sílẹ̀ fún ọjà láti máa pinnu, àwọn iléepo sì ń yẹ owó wọn wò lẹ́ẹ̀mejì lóṣù. Àwọn ọmọ Nàìjíríà mọ bí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣe ń rí lára. Lẹ́yìn tí wọ́n kéde ìyọkúrò owó ìrànwọ́ orí epo ní ọjọ́ 29, oṣù Karùn-ún, ọdún 2023, lítà bẹntiróòlù tí kò tó 200 náírà fò kọjá 450 náírà láàárín ọjọ́ díẹ̀. Nígbà tí owó bá fò bẹ́ẹ̀, gbogbo ẹni tó ń ta ohun tó lè dín epo kù á rí oníbàárà, yálà ọjà rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ tàbí kò ṣiṣẹ́.

Ìròyìn ayọ̀ kan ni pé láti oṣù Keje ọdún 2017, Ghana ti fi dandan lé e pé imí ọjọ́ inú dísù tí wọ́n ń kó wọlé kò gbọ́dọ̀ ju ìdá 50 nínú mílíọ̀nù kan lọ. Ṣáájú ìgbà náà, ó lè tó 3,000. Èyí dára fún ẹ̀dọ̀fóró àwọn ará ìlú, ó sì dára fún ẹ́ńjìnì tọ́bò ìgbàlódé. Àmọ́ omi àti ìdọ̀tí tó bá wọnú epo ní ibi ìpamọ́ ṣì lè bà á jẹ́, nítorí náà fílítà tó ń ya omi sọ́tọ̀ kì í ṣe àṣerégèé.

Ìṣirò tó yẹ kí olówó ọkọ̀ ṣe

Kò sí bí èèyàn ṣe lè mọ̀ bóyá epo dín kù bí kò bá wọ̀n ọ́n. Ọ̀nà rẹ̀ rọrùn: kí wọ́n bu epo kún táńkì, kí wọ́n kọ nọ́ńbà kìlómítà sílẹ̀, kí wọ́n rìn, kí wọ́n sì tún bu ú kún ní iléepo kan náà. Bí lítà 62 bá wọlé lẹ́yìn 500 kìlómítà, ọkọ̀ náà ń mu lítà 12.4 ní 100 kìlómítà. Ó yẹ kí wọ́n ṣe èyí ní ìgbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin kí wọ́n tó de tọ́bò, kí wọ́n sì tún un ṣe lẹ́yìn rẹ̀ lójú ọ̀nà kan náà pẹ̀lú irú ẹrù kan náà.

Ká wá sọ pé ọkọ̀ kan ń mu lítà 14 ní 100 kìlómítà, tí tọ́bò sì sọ ọ́ di 13. Bí ó bá ń rin 20,000 kìlómítà lọ́dún, lítà 200 ni olówó rẹ̀ fi pamọ́. Bí owó tọ́bò, intercooler, páìpù àti iṣẹ́ ọwọ́ bá jẹ́ iye tó lè ra lítà 1,500, ọdún méje àti ààbọ̀ ni owó náà yóò tó padà wálé, bí nǹkan kan kò bá bàjẹ́ láàárín ìgbà náà. Ẹni tó fẹ́ agbára láti gun òkè pẹ̀lú ẹrù lè gbà pé ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó jẹ́ pé owó epo nìkan ló ń lé, ó yẹ kó tún inú rò.

Àwọn ọ̀nà tí kò gba owó púpọ̀ wà. Bí awakọ̀ bá kúrò ní 80 kìlómítà ní wákàtí kan bọ́ sí 100, ipá tí afẹ́fẹ́ fi ń dá ọkọ̀ dúró á fi ìdá 56 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i. Ẹrù tó ga lórí ọkọ̀ tún ń dá kún un. Táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò pé, fílítà tó dí àti bíréèkì tó ń há ń jẹ epo lójoojúmọ́. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹsẹ̀ tó bá ń fẹ̀sọ̀ tẹ epo.

Bí wọ́n bá ti pinnu láti ṣe é

Kí wọ́n kọ́kọ́ wọn agbára ìfúnpọ̀ inú ẹ́ńjìnì wò. Ẹ́ńjìnì tó ti gbó, tó ń jẹ ọ́ìlì, kò lè ru tọ́bò. Kí wọ́n yan tọ́bò tó bá ìwọ̀n ẹ́ńjìnì náà mu, nítorí pé èyí tó bá tóbi jù á máa pẹ́ kó tó jí, awakọ̀ á sì máa tẹ epo lásán.

Tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ tọ́bò tó wà lọ́jà. Kí ẹni tó bá fẹ́ rà á di ọ̀pá àárín rẹ̀ mú, kó mì í sọ́tùn-ún sósì, síwá sẹ́yìn. Bí àgbá rẹ̀ bá ń kan ògiri, tàbí tí etí rẹ̀ bá ti jẹ, kó fi sílẹ̀.

Ọ́ìlì ni ẹ̀mí tọ́bò. Òun ló gbé ọ̀pá tó ń yí náà dúró, òun ló sì ń tù ú. Kí wọ́n máa pààrọ̀ rẹ̀ ṣáájú àkókò tí wọ́n ń pààrọ̀ rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn ìrìn àjò gígùn, kí awakọ̀ jẹ́ kí ẹ́ńjìnì ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú kan sí méjì kó tó pa á. Bí ó bá pa á lójijì nítorí pé ó ń kánjú lọ kírun tàbí jẹun ní Kintampo, ọ́ìlì tó wà nínú tọ́bò gbígbóná náà á jó di èédú, á sì dí ihò tó ń gbà.

Kí olówó ọkọ̀ sì fi àyípadà náà tó DVLA, àjọ tó ń forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀ ní Ghana, àti iléeṣẹ́ adójútòfò rẹ̀ létí. Bíréèkì ọkọ̀ náà ńkọ́? Ọkọ̀ tó bá lè sáré sí i gbọ́dọ̀ lè dúró sí i.

Ta ló lè ṣe iṣẹ́ náà?

Ìmọ̀ kò wọ́n ní Ghana. Suame Magazine ní Kumasi jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ibùdó àtúnṣe ọkọ̀ tó tóbi jù ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Níbẹ̀ ni yunifásítì KNUST ti dá ibùdó ìkọ́ṣẹ́ ẹ̀rọ sílẹ̀ ní ọdún 1980 láti ran àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ lọ́wọ́, irú ibùdó bẹ́ẹ̀ sì dé Tamale náà.

Àwọn ọmọ Yorùbá kì í ṣe àjèjì lójú ọ̀nà yìí. Kí ìjọba Kofi Busia tó pàṣẹ ní oṣù Kọkànlá ọdún 1969 pé kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé kúrò ní Ghana láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, àwọn oníṣòwò láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ìgbòho àtàwọn ìlú mìíràn pọ̀ lọ́jà Tamale. Àwọn náà mọ̀ pé lórí ọjà tó bá gba ọ̀nà jíjìn wá, owó ọkọ̀ ló ń pinnu èrè. Bẹ́ẹ̀ ló ṣì rí títí di òní: epo tí ọkọ̀ bá fi ṣòfò láàárín Tamale sí Kumasi, orí iye tí wọ́n ń ta iṣu ló ń bọ́ sí.

Nítorí náà, kí olówó ọkọ̀ tó béèrè iye tí tọ́bò jẹ́, kó kọ́kọ́ bi mẹkáníìkì rẹ̀ ní ìbéèrè mẹ́ta: Báwo ni yóò ṣe wọn ooru èéfín? Báwo ni yóò ṣe tu afẹ́fẹ́ tó ń wọlé? Epo mélòó ni yóò fi kún un? Bí mẹkáníìkì náà kò bá rí ìdáhùn sí ọ̀kankan nínú wọn, kí owó náà ṣì wà nínú àpò.